Èsì: Ẹ má jẹ́ ká pe «offset» ní ètùtù

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Àǹtí wa tó ń túmọ̀ ìwé lórí òfin àyíká ilẹ̀ Ọsirélíà béèrè ohun tá a lè máa pe offset, ìyẹn ìtọ́jú igbó níbòmíì láti fi dí àdánù tí iṣẹ́ ìkọ́lé tàbí ọ̀nà mú bá igbó kan. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: ìtanràn igi, ètùtù àyíká, àti ìrọ́pò. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan. Ìrọ́pò ló sì bà mí lẹ́rù jù, torí òun ló dùn-ún gbọ́ jù.

Ní New South Wales, ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà, lábẹ́ òfin ọdún 2016, ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí la ọ̀nà gba inú igbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá bí kò ṣe ní fọwọ́ kan igbó náà, tàbí kó dín ìpalára rẹ̀ kù. Èyí tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló ń fi offset dí. Onílẹ̀ kan níbòmíì á tọwọ́ bọ̀wé pé òun á máa tọ́jú igbó orí ilẹ̀ òun títí láé. Bó tiẹ̀ ta ilẹ̀ náà, ìwé ọ̀hún de ẹni tó rà á. Ìtọ́jú yẹn ni wọ́n ń ṣírò sí krẹ́díìtì, tí onílẹ̀ ń tà fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Inú owó náà ni wọ́n ti ń san owó ìtọ́jú fún un lọ́dọọdún.

Ṣé ìtanràn nìyẹn? Arúfin là ń bu owó ìtanràn lé, ẹni tá à ń wí yìí sì gba ìyọ̀ǹda kó tó gbé katapílà. Ètùtù ńkọ́? Tí wọ́n bá ti gbà á, ọ̀rọ̀ parí. Onílẹ̀ yìí ò ní parí láéláé.

Ó wá ku ìrọ́pò. Ẹ wo igi òrí, tí àwọn Haúsá ń pè ní kadanya, tó pọ̀ láti Kwárà dé ìpínlẹ̀ Niger. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ìṣẹ̀dá, ti kọ ọ́ mọ́ àwọn igi tó wà nínú ewu. Èèyàn kì í sábà gbìn ín; àgbẹ̀ tó ń ṣánko ló máa ń dá a sí. Ọmọ igi òrí tá a bá gbìn lónìí lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so. Bí wọ́n bá wá hú àgbà igi òrí ní Gwagwaládà, tí wọ́n ní àwọn ti gbin ọmọ rẹ̀ sí Kuje, kí ni wọ́n rọ́pò? (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ «ohun ọ̀gbìn» tó wà nínú ìtumọ̀ Àǹtí kúrò. Ta ló gbin igi tó hù fúnra rẹ̀? «Ewéko tó fẹ́ẹ́ run» ti tó.)

Èmi fara mọ́ «ìdípò àdánù». Ẹni tí ọba rán lọ sóde dípò ara rẹ̀ kò torí ẹ̀ di ọba. Ó gùn díẹ̀, mo gbà, àmọ́ bá a bá gé àdánù kúrò, èrè nìkan ni etí á máa gbọ́. Irú fún irú sì ni òfin New South Wales kọ́kọ́ ń béèrè: ká ní igi apá ni wọ́n gé, igi ọ̀gànwó kọ́ ni wọ́n á fi dí i, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Bọ̀dá wa ní Lókòjá, tóun náà dá Àǹtí lóhùn, kọ «ilẹ̀ àdáni» fún ilẹ̀ tó jẹ́ ti onílẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún Ọsirélíà, kò burú. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni ilẹ̀ Àbújá. C of O ọdún 99 ni ọ̀pọ̀ wa dì mú níbí. Ẹni tó ní ọdún 99, báwo ló ṣe fẹ́ ṣèlérí títí láé? Ẹ fi gbólóhùn kan là á yé òǹkàwé níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ará Kubwa á rò pé òun náà lè lọ tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Krẹ́díìtì ní tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju ìdípò àdánù lọ, kó tètè mú un wá kí Àǹtí tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́.