Ṣé kí n kọ líle ìyá ọkọ mi sínú ìwé ìrántí wọn, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìyàwó Ilé Amọ̀kòkò (Ìlọrin) béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ní oṣù tí ń bọ̀ ni a ó ṣe àdúrà ọdún kan fún ìyá ọkọ mi, ẹbí sì ti fi iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́: kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn ní ojú ìwé mélòó kan, èyí tí a ó tẹ̀ fún àlejò, tí a ó sì kà níwájú àwọn ààfáà. Èmi ni wọ́n yàn nítorí pé olùkọ́ ni mí, àti nítorí pé èmi ni mo bá Màmá gbé jù lọ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wọn ti fọ́n káàkiri. Ohun tí ó mú mi wá síbí ni pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mo máa ń pè ní Ìbàdíàrán, ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò fi hàn pé Màmá le. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé onísùúrù ni Màmá, pé wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Màmá ní Òkèlele yóò rẹ́rìn-ín tí ó bá gbọ́ irú rẹ̀.

Amọ̀kòkò ni Màmá, ní Dàda, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Wọn a rẹ amọ̀, wọn a gún un títí kò fi ní sí òkúta kan nínú rẹ̀, wọn a mọ ìdí ìkòkò lé ògbólógbòó ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa fi amọ̀ tí a yí gbọọrọ kọ́ ara àti ọrùn rẹ̀. Abẹ́ ìbòòji ni ó gbọ́dọ̀ ti gbẹ, nítorí pé èyí tí oòrùn bá yára mú yóò sán. Bí wọ́n bá ti fi igi àti koríko gbígbẹ sun ún tán, wọn a wọ́n omi èèpo èso igi igbá, igi tí a fi ń ṣe irú, sí i lára nígbà tí ó ṣì gbóná, kí àwọ̀ rẹ̀ lè mú, kí ó má sì máa jò. Màmá kò jẹ́ ta ìkòkò tí ó bá sán, bí ó ti wù kí ojú sísán náà kéré tó. Wọn a fọ́ ọ mọ́lẹ̀ lójú oníbàárà, ìbáà ti san owó rẹ̀, wọn a sì dá owó náà padà. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn máa ń sunkún, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì máa ń gbọ́ lẹ́nu Màmá ni pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ, Màmá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Mo gbọ́ pé ìjàkadì lorò yín, ṣùgbọ́n nínú agboolé yìí, èmi ni mo ń dá ni.” Wọn kò parọ́. Mo ra ìkòkò irin kan, mo sì fi se gbẹ̀gìrì. Wọ́n bu ọkà wọn, wọ́n sì fi ọbẹ̀ mi sílẹ̀. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣílẹ̀kùn tí mo bá ìṣaasùn tuntun lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọn kò mẹ́nu bà á, èmi náà kò mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi se ọbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kọ jù lọ ni ọ̀rọ̀ ogún. Nígbà tí bàbá ọkọ mi di olóògbé, àwọn kan nínú ẹbí fẹ́ gba ilẹ̀ tí àwọn obìnrin ti ń sun ìkòkò, wọ́n ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Màmá kò fèsì. Wọ́n jókòó ti opó wọn fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí Àlùkùránì ti là á sílẹ̀. Nígbà tí ó pé, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n ránṣẹ́ pe ààfáà, wọ́n sì ní kí ó ka ẹsẹ kejìlá nínú Súrátù Nísáì sétí gbogbo ẹbí. Ọkùnrin tí ó bá kú tí ó fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó rẹ̀, bí wọ́n bá sì ju ẹyọ kan lọ, wọn yóò pín ìdá kan náà láàárín ara wọn. Màmá ní orogún kan tí kò sí ọ̀rọ̀ gidi láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpín orogún yìí ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó béèrè tiwọn, wọn kò sì dìde lórí ẹní títí tí àwọn ààfáà fi ṣírò gbogbo rẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin náà fi gba tiwọn. Àwọn obìnrin ṣì ń sun ìkòkò lórí ilẹ̀ náà títí di òní.

Ẹ̀mí mi náà wà nínú líle yìí. Nígbà tí mo fẹ́ bí àbíkẹ́yìn mi, ilé ìwòsàn kan kọ̀ láti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi àfi tí ọkọ mi bá fọwọ́ sí ìwé, ọkọ mi sì wà ní Kánò. Màmá sọ fún wọn pé bí ó bá jẹ́ ìka ni wọ́n ń wá, àwọn ní mẹ́wàá. Wọ́n tẹ ìka, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi gbé mi wọlé.

Báwo ni n ó ṣe wá kọ ọ́ pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú èyí rí, kí ni kí n kọ, kí ni kí n fi sílẹ̀, báwo ni mo sì ṣe lè bá Ìbàdíàrán sọ ọ́ láìrí wọn fín?

Àgbà Ìyàwó (Pákátà) fèsì pé:

Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run yóò tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ti gba ìwé ìrántí tí ó pọ̀ ní Ìlọrin yìí, kí n má parọ́, bí a bá pààrọ̀ àwòrán tí ó wà lẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Onísùúrù ni gbogbo wọn, ọ̀làwọ́ ni gbogbo wọn, ìyá fún gbogbo ayé ni gbogbo wọn. Èyí tí o kọ síbí nìkan ti jẹ́ kí n rí obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí.

Má ṣe lo ọ̀rọ̀ náà, “líle”, rárá. Sọ ohun tí wọ́n ṣe, kí o sì fi í síbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé obìnrin kan fọ́ ìkòkò tí ó ti gba owó rẹ̀ nítorí pé ó sán, kò tún nílò kí o sọ fún un irú ènìyàn tí obìnrin náà jẹ́. Ní ti ogún, kọ ọ́, kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n má dárúkọ àwọn tí ó fẹ́ gba ilẹ̀, má sì kọ irú ìbátan tí wọ́n jẹ́ sí olóògbé. “Àwọn kan” ti tó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà ní ìjókòó iwájú ní ọjọ́ náà, tàbí kí àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀, a kì í sì pe ènìyàn síbi àdúrà kí á wá dójú tì í.

Ọ̀rọ̀ ìṣaasùn yẹn, má yọ ọ́. Àwọn ìyàwó tí ó bá wà níbẹ̀ ni yóò gbádùn rẹ̀ jù, wọn yóò sì mọ̀ pé ìwọ ni o kọ ọ́, pé kì í ṣe ẹni tí a sanwó fún. Kó tó di pé o tẹ ohunkóhun, gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ní ilé wọn, kúnlẹ̀, kí o sì kà á sí wọn létí. Má fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìwé tí a kà lórí fóònù máa ń dún bí ìjà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kéwú fèsì pé:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì fẹ́ kí ó dà bíi pé mo ń tako Àgbà Ìyàwó. Ìyá wa Áíṣà, aya Ànábì, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì, ó sì wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Ànábì tí Bùhárì ṣe, pé kí á má ṣe bú àwọn òkú, nítorí pé wọ́n ti dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n tì síwájú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ̀rù fi ń ba ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ó sì yẹ kí ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù náà. Ṣùgbọ́n kí obìnrin dúró lórí ohun tí Ọlọ́run pín fún un, kí ó sì kọ́kọ́ bá orogún rẹ̀ béèrè, èyí kì í ṣe àbùkù tí a ń bò. Ìyìn ni, mo sì lérò pé àwọn ààfáà tí ó bá wà níbẹ̀ yóò fi ṣe wáàsí.

Ibi tí èmi àti Àgbà Ìyàwó ti yà ni ọ̀rọ̀ ìkòkò irin. Pé ìyá ọkọ kò bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Olóògbé kò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn. Èmi ìbá fi í sílẹ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe àsọdùn nínú ìyìn tí ẹ bá fẹ́ kọ, nítorí pé àdúrà ni wọ́n nílò báyìí. Ohun mẹ́ta ni Ànábì sọ pé kì í dúró lẹ́yìn ikú ọmọ ènìyàn: sàráà tí ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn ń jàǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tí ń tọrọ àforíjìn fún un. Màmá kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Ẹ wá àyè fún èyí ju bí ẹ ti ṣe lọ, ìlà díẹ̀ péré ni ẹ fún wọn.

Àna Ìgbájá fèsì pé:

Onígbàgbọ́ ni mí, ọmọ Ìgbómìnà sì ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá ìyàwó mi, ọmọ ìjọ ECWA ní Ìgbájá, tí ó ń hun kíjìpá lórí òfì ìdúró obìnrin, kò jẹ́ kí n fẹ́ ọmọ wọn títí mo fi parí ilé ìwé tí mo ti fi sílẹ̀ ní ààbọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rán àwọn àgbà lọ bẹ̀ wọ́n, wọn kò yẹ̀. Lónìí, ìwé yẹn ni mo fi ń jẹun. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ọmọ wọn kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ètò ìsìn, wọ́n dára, wọ́n tutù. Ìtàn Màmá gan-an, ẹnu àwọn tí ó ń bá wọn ra òwú àti àwọn tí wọ́n jọ hun aṣọ ni a ti gbọ́ ọ ní alẹ́ àìsùn, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, arábìnrin mi, má jókòó sílé kọ ọ́ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ Kéwú sọ òótọ́ nípa àwọn tí ó kọ́ṣẹ́. Lọ sí Dàda lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá ń gún amọ̀, má béèrè irú ènìyàn tí Màmá jẹ́, nítorí pé “ènìyàn dáadáa ni” ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Béèrè ìkòkò tí Màmá fọ́ fún wọn. Béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ ìkòkò òdòdó nígbà tí àwọn ènìyàn kò ra àmù mọ́, àti ohun tí Màmá sọ sí i.

Ìyàwó Ilé Amọ̀kòkò (Ìlọrin) fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lọ sí Dàda, mo sì ti gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí ní gbogbo ọdún tí mo fi bá wọn gbé. Màmá kọ ìkòkò òdòdó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní a kì í mọ ìkòkò tí kò ní gbé omi tàbí ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà, wọ́n ní tí a bá máa mọ ọ́, kí a mọ ọ́ kí ó lè dúró ju ẹni tí ó rà á lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ní òun kò tíì ta ìkòkò tí ó sán rí, kì í ṣe nítorí oníbàárà, nítorí pé ó ń ṣe òun bíi pé Màmá dúró lẹ́yìn òun.

Mo kúnlẹ̀, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún Ìbàdíàrán. Wọn kò bínú sí ọ̀rọ̀ ogún rárá. Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù ni ìjà kan láàárín Màmá àti àbúrò bàbá wọn obìnrin, èyí tí èmi kò tilẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀, a sì ti fẹnu kò pé kò ní wọlé. Wọ́n wá sọ tiwọn. Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, bàbá wọn ní ilé kéwú ti tó fún ọmọbìnrin. Màmá kò bá wọn jiyàn. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ tí amọ̀ ti lẹ̀ mọ́, wọ́n fa Ìbàdíàrán lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, wọ́n sì mú un lọ sí ilé kéwú lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí bàbá fi dákẹ́. Yunifásítì Ìlọrin ni Ìbàdíàrán ti gboyè nígbẹ̀yìn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n má sì yọ ọ̀rọ̀ ìṣaasùn náà kúrò, Akẹ́kọ̀ọ́ Kéwú yóò foríjì mí.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé kí á kà á ṣáájú wáàsí, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Àgbà Ìyàwó (Pákátà) fèsì pé:

Ẹ kà á ṣáájú. Tí wáàsí bá parí, oúnjẹ ni ojú gbogbo ènìyàn yóò wà. Kí Ìbàdíàrán sì ka ibi tí ó kan ilé ìwé fúnra wọn, kí ìwọ ka ìyókù.