Ferrocene méjì tí nitrójìn dè pọ̀: kí ló ń sún òkè CV mi?

Akẹ́mísírì_tuntun: Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará lábù. Mo ní mólékù kan, ferrocene méjì ni (ferrocene kọ̀ọ̀kan jẹ́ irin kan tí òrùka kábọ́ọ̀nù méjì há sáàárín), nitrójìn kan ṣoṣo ló dè wọ́n pọ̀ láàárín. Mo gbé e sórí CV (cyclic voltammetry, tí a fi ń yí fóltééjì lọ yí i bọ̀, tí iná tó ń kọjá á yọ òkè níbi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti ń kúrò), mo ń retí òkè ẹyọ kan, òkè méjì ló yọ sí mi, àbí ó dọ̀tí ni? Mo wá ń kán zinc perchlorate sí i díẹ̀díẹ̀, òkè méjèèjì ń sún lọ sápá pósítíìfù. Ṣé kí n kọ ọ́ pé sẹ́ńsọ̀ zinc ni mo ṣe?

Bàbá Elẹ́kítíródù: Kò dọ̀tí. Irin méjì ló wà nínú ẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Ká ní wọn ò mọ ara wọn rí ni, ibì kan náà ni wọ́n á ti fi í sílẹ̀, òkè á di ọ̀kan. Nitrójìn yẹn ló sún wọn mọ́ra, tí ti àkọ́kọ́ bá ti lọ, ìkejì á wá háwọ́, àfi kó o fi fóltééjì kún un kó tó gbà. Àmọ́ má tìtorí àlàfo yẹn sọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gba orí nitrójìn kọjá o, torí pósítíìfù tó ń lé pósítíìfù nìkan lè fà á, iyọ̀ inú sólúṣọ̀n ẹ náà ń dá sí i. Yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré kó o wo near-infrared (ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa tójú ń rí), tí báǹdì tuntun bá yọ níbẹ̀, tó sì pòórá nígbà tó o yọ ìkejì, ìgbà yẹn lo tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Robin àti Day, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, ti pín irú mólékù bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta láti 1967, bí irin méjèèjì bá ṣe ń pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láàárín ara wọn tó.

Ìyá Lábù: Èmi o, zinc yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ṣé èyí tó lómi nínú lo lò? Omi tó dì mọ́ zinc máa ń ṣe bí ásíìdì, nitrójìn ẹ á gba proton mọ́ra kíá, òkè á sún bákan náà, torí zinc ni o, proton ni o, ohun yòówù tó bá ti di nitrójìn mú, nitrójìn ò ní ráyè ta irin lọ́rẹ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́. Kán HBF4, ásíìdì líle kan, díẹ̀ sí òmíràn lọ́tọ̀, tó bá sún dé ibi tí zinc sún un dé, kò sí sẹ́ńsọ̀ ńbẹ̀. Copper tiẹ̀ tún burú jù, nínú acetonitrile (sólfẹ́ńtì kan) ńṣe ló ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ ferrocene, sólúṣọ̀n á ṣe bí búlúù, ẹni tí ò mọ̀ á ní òun ti rí àwọ̀ tuntun. Perchlorate yẹn náà, má jẹ́ kó gbẹ o, ó lè bú gbàmù!

Oníwáyà: Kí lo fi ṣe atọ́ka, ìyẹn èyí tó o fi ń wọn ibi tí òkè wà? Tó bá jẹ́ ferrocene lásán, òkè tiẹ̀ lè gun orí tìẹ. Decamethylferrocene ni kó o lò, òun jìnnà dáadáa sápá nẹ́gétíìfù.

Akẹ́mísírì_tuntun: Háà, hexahydrate (ìyẹn ni pé omi mẹ́fà dì mọ́ ọn) ni wọ́n kọ sára ìgò zinc yẹn o mà. Mi ò tíì kán ásíìdì kankan sí i rárá. Ferrocene lásán náà ni mo fi ṣe atọ́ka. Ẹ jẹ́ n padà sí lábù.