Ṣé ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ mọnorélì Disney World sí èyí tó bá ìgbà mu?

Ìyá Ìbejì Atlanta

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kan ti ń jà lọ́kàn mi láti ìgbà tí a ti dé láti Florida. Èmi àti bàbá wọn kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré Disney World, a wa mọ́tò láti Atlanta dé Orlando, ọ̀nà jìn àmọ́ a gbádùn ẹ̀ gan. Nínú gbogbo ohun tí a rí níbẹ̀, ọkọ̀ mọnorélì yẹn ló wọ Táíwò lára jù, ìyẹn ọkọ̀ gígùn tó ń sá lókè lórí bíìmù kọnkéré kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan torí ọmọ ò fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó wá gba inú òtẹ́ẹ̀lì Contemporary kọjá, inú ilé gan-an o, àwọn èèyàn ń rìn nísàlẹ̀, ọkọ̀ ń kọjá lórí wọn, ariwo tí àwọn ọmọ yẹn pa kò ṣeé gbàgbé.

A délé tán ni Táíwò bá lọ kà nípa ẹ̀, ọmọ ọdún 11 ni, ó ní mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé láàárín 1989 sí 1991 ni àwọn ọkọ̀ yẹn dé? Ó ní Mark VI ni wọ́n ń pè wọ́n, ilé iṣẹ́ Bombardier ló ṣe wọ́n, àwọ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ó tún ní ọkọ̀ kan wà ní Shanghai tí kì í fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rárá, mágnẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e sókè, kí ló dé tí wọn ò gbé irú ẹ̀ wá sí Disney. Mi ò rí èsì kankan fún un. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rélùwéè, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí wọ́n wó èyí tó wà níbẹ̀ kí wọ́n gbé onímágnẹ́ẹ̀tì wá, àbí kí wọ́n máa tún un ṣe bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi o, ibi tí èèyàn ń rọ́ lọ tó báyẹn, ọkọ̀ tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Bàbá Ṣadé, Birmingham

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ bá mi kí Táíwò dáadáa, ẹ sì ka eléyìí sí i létí torí ọ̀rọ̀ mágnẹ́ẹ̀tì yẹn, ojú mi ló ṣe.

Ìlú tí mo ń gbé yìí, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ onímágnẹ́ẹ̀tì ṣòwò gbígbé èrò láyé. 1984 ni, láti pápákọ̀ òfúrufú sí sítéṣọ̀n rélùwéè, ọ̀nà ọ̀hún ò ju bíi 600 mítà lọ. Mo wọ̀ ọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Ó máa rọra gbéra nílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó kéré ju fífẹ̀ ìka méjì lọ, á wá máa lọ jẹ́jẹ́, kò sí ariwo, inú mi dùn bí ọmọdé. Àmọ́ nígbà tó fi máa di 1995 wọ́n ti dá a dúró. Kì í ṣe pé mágnẹ́ẹ̀tì ò dáa o, ohun tó pa á ni pé irú ẹ̀ ò sí níbòmíì, àwọn ohun èlò tó wà nínú ẹ̀ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe mọ́, tí nǹkan kan bá ti bàjẹ́ kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí òmíràn rà. Bọ́ọ̀sì ló wá ń gbé èrò lẹ́yìn ẹ̀. Ní 2003 wọ́n lo ojú ọ̀nà mágnẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà, wọ́n gbé ọkọ̀ tí okùn irin ń fà sórí ẹ̀, ilé iṣẹ́ Doppelmayr ti ilẹ̀ Austria ló ṣe é. Okùn tí ń fa ọkọ̀ ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó ro mágnẹ́ẹ̀tì rárá, òun ló wá gba ipò ẹ̀.

Ẹ wá wo ti Florida. Bíìmù tó wà níbẹ̀ ń lọ sí bíi máìlì 14.7, kọnkéré ni gbogbo ẹ̀, láti 1971 tí wọ́n ti ṣí ọgbà yẹn ni apá kan ti wà níbẹ̀, èyí tó lọ sí Epcot, ọgbà wọn kejì, dé ní 1982. Ìpínlẹ̀ Washington lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rọ àwọn bíìmù ti àkọ́kọ́ kí wọ́n tó kó wọn la Amẹ́ríkà já. Orí bíìmù ni táyà ọkọ̀ ń tẹ̀, àwọn táyà míì tún dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ bíìmù yẹn náà ló ti ń gba iná. Onímágnẹ́ẹ̀tì ò lè gun irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láé, wọ́n ní láti wó o pátá kí wọ́n kọ́ òmíràn, kí wọ́n sì tún ihò tó gba inú òtẹ́ẹ̀lì yẹn ṣe. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ti Shanghai ní kìlómítà 30 tó fi ń sá, ìdí nìyẹn tó fi ń sáré dé kìlómítà 431 ní wákàtí kan nígbà kan rí. Ní Florida, láti òtẹ́ẹ̀lì Polynesian sí òtẹ́ẹ̀lì Grand Floridian, kí ọkọ̀ tó yára tán bíréèkì ti dé. Máìlì 40 ní wákàtí kan ni eré tó ń sá tó pọ̀ jù, ó tó bẹ́ẹ̀, ọmọ fẹ́ wo adágún omi.

Ọkọ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀. Kí wọ́n fi bíìmù sílẹ̀. Iṣẹ́ síńgnà rélùwéè ni mo fi ọdún 23 ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Dáre_Yokohama

Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá Ṣadé, mo gbà pẹ̀lú yín lórí bíìmù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí mágnẹ́ẹ̀tì kí Táíwò má baà rò pé ibi gbogbo ló ti kú. Ní Japan níbí, lẹ́bàá Nagoya, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Linimo wà, 2005 ni wọ́n ṣí i nígbà tí wọ́n ń ṣe Expo, ìyẹn ìpàtẹ àgbáyé, bíi kìlómítà 9 ni, mágnẹ́ẹ̀tì ni, ó sì ń gbé èrò títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ̀nà àti ọkọ̀ fún ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó jọ ti Florida gan-an ni ti Tokyo Disney. Mọnorélì ni òun náà, ilé iṣẹ́ Hitachi ló ṣe é, 2001 ni wọ́n ṣí i, kìlómítà 5, sítéṣọ̀n 4, kò ní dírẹ́bà, òṣìṣẹ́ kan ló máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ní 2020 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọkọ̀ tuntun wá, Type C, lórí bíìmù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 19 péré ni ti àkọ́kọ́ lò o! Ti Florida ti lé ní ọdún 35, Disneyland ti California gan-an gba ọkọ̀ tuntun ní 2008 lórí bíìmù tiwọn. Torí náà lójú tèmi ọ̀rọ̀ ṣé ó yẹ ti kọjá, ó ti pẹ́ tó ti yẹ.

Ibi tó le ni ta ló máa ṣe é. Hitachi ṣì ń ṣe mọnorélì fún àwọn ìlú ńlá, ìdí nìyẹn tí Tokyo fi rí òmíràn rà. Mark VI ní tiẹ̀, Disney ni wọ́n ṣe é fún, àwọn ọkọ̀ Las Vegas ti 2004 nìkan ló tún jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bombardier ti ta ẹ̀ka rélùwéè ẹ̀ fún Alstom ní 2021. Mọnorélì ńlá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀, irú èyí tó wà ní São Paulo, ọkọ̀ tí wọ́n so yàrá 7 pọ̀ tó ń kó bíi èèyàn 1,000 ni, ti Florida jẹ́ yàrá 6 tó ń kó bíi 360, ẹ ò lè gbé ti São Paulo gba inú òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Wọ́n máa ní láti sọ pé kí wọ́n ṣe é lákànṣe, owó ẹ̀ á sì ga. Ní Tokyo èrò ń sanwó kó tó wọ̀ ọ́, ní Florida ọ̀fẹ́ ni.

Àǹtí Kíkẹ́ Kissimmee

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo ń wa bọ́ọ̀sì ládùúgbò yìí, ó ti lé lọ́dún 8, ẹ má bínú, mi ò rò pé ọkọ̀ tuntun ló kàn. Mọnorélì yẹn, ọgbà Magic Kingdom àti Epcot pẹ̀lú àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó wà létí adágún nìkan ló ń dé. Ọgbà méjì míì tún wà, Hollywood Studios ti wà láti 1989, Animal Kingdom láti 1998, kò dé ìkankan nínú wọn rí. Ìyá àgbà tó sọ̀kalẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì tó jìn, tó ń ti ọmọ-ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀sì lòun ń dúró dè. Ẹ ṣe ọkọ̀ tuntun 12, kò ní kan ìyá yẹn rárá.

Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ fi nǹkan kún un, mọnorélì kọ́ ni wọ́n fi kún un, Skyliner ni, September 2019, àwọn àpótí kéékèèké tó ń rìn lórí wáyà lókè. Bàbá Ṣadé, Doppelmayr yín yẹn náà ló ṣe é! Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí kì í dúró, ẹ kàn máa wọlé bó ṣe ń kọjá, ó dé Epcot àti Hollywood Studios. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé Florida lásìkò òjò mọ̀ pé lọ́sàn-án àwọ̀sánmà á ṣú, mànàmáná á máa kọ, wáyà lókè ò gbọ́dọ̀ máa gbé èèyàn kiri nígbà yẹn, wọ́n á dá a dúró. Bọ́ọ̀sì ló máa wá kó wọn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà tó dá wà fún bọ́ọ̀sì oníná, kí wọ́n má bá mọ́tò jà lójú títì mọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ra ọkọ̀ mọnorélì tí wọ́n bá fẹ́.

Ìyá Ìbejì Atlanta

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún Táíwò, ó ní ti Birmingham yẹn dun òun. Àǹtí Kíkẹ́, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tó kàn mí o, ìyá ọkọ mi bá wa lọ, bọ́ọ̀sì náà la wọ̀ lọ sí Animal Kingdom, mi ò kàn ro ìyẹn mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni. Nǹkan kan ló kù tó ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, bàbá wọn ní òun gbọ́ pé méjì nínú àwọn ọkọ̀ yẹn forí gbára nígbà kan. Táíwò náà fẹ́ mọ ìdí tí èèyàn ò fi lè jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà.

Bàbá Ṣadé, Birmingham

Ìbéèrè méjèèjì, ìdáhùn kan ló ni wọ́n. July 2009 ni, lóru, lẹ́yìn ayẹyẹ òmìnira Amẹ́ríkà, èrò ti pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ kan fẹ́ padà sẹ́yìn kó bọ́ sórí bíìmù míì, ibi tó yẹ kí wọ́n ti yí bíìmù fún un kò yí, kò sí ẹni tó rí i, ló bá ń padà bọ̀ lórí bíìmù tó wà títí tó fi kọlu ọkọ̀ tó dúró lẹ́yìn ẹ̀. Dírẹ́bà tó wà nínú ọkọ̀ yẹn kú, ọmọ ọdún 21. Ètò tó ń dá ọkọ̀ dúró bí wọ́n bá súnmọ́ra wà níbẹ̀ o, àmọ́ ìgbà tí ọkọ̀ ń padà sẹ́yìn, wọ́n máa ń pa á tì ni. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ èrò máa ń jókòó níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà. Wọn ò gbà á mọ́ látìgbà náà.

Iṣẹ́ mi nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá kà á. Kì í ṣe ọjọ́ orí ọkọ̀ ló pa ọmọ yẹn. Ètò tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, tó sì ń kọ̀ fún un láti gbéra bí ọ̀nà ò bá mọ́, yálà iwájú ló ń lọ tàbí ẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an ni tuntun ti wúlò jù. Wọ́n ti ń gbé irú ẹ̀ wọlé ní Florida lẹ́yìn ìgbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣì ń jókòó níwájú. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní owó yẹn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ ná an sí, kí n tó dé orí àga àti fèrèsé.

Dáre_Yokohama

Ẹ sọ fún Táíwò pé ní Tokyo, torí kò sí dírẹ́bà, ìjókòó iwájú pátápátá jẹ́ ti èrò. Gíláàsì ńlá ló wà níwájú, bíìmù ló máa rí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Kó tètè dúró sí orí ìlà ni.

Ìyá Ìbejì Atlanta

Dáre àbúrò mi, o ti dá wàhálà sílẹ̀ nílé yìí. Ó ti ya bíìmù yẹn sínú ìwé, ó ní kí n bi ọ́ pé ṣé ìjókòó iwájú yẹn gba èèyàn méjì, torí Kẹ́hìndé ò ní gbà kó dá jókòó níbẹ̀.