Àyẹ̀wò ìyàwó mi gbé HPV jáde. Èmi ọkùnrin ńkọ́?

Bàbá Ọmọ Méjì:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó mi, ẹni ọdún 35, gba èsì àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé HPV oríṣi 16, kòkòrò àrùn tó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, wà lára rẹ̀. Ọdún kọkànlá tí a ti fẹ́ra rèé. Ó na ìwé náà sí mi, ó ń wojú mi. Ohun tó já bọ́ lẹ́nu mi ni, "Ta ló kó o ràn ọ́?" Ó gba ìwé rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó wọ yàrá àwọn ọmọ lọ. Ibẹ̀ ló ń sùn látọjọ́ náà.

Ṣé ẹnì kan nínú wa ti yan àlè nìyẹn? Ṣé jẹjẹrẹ ti dé ni? Ṣé àyẹ̀wò wà fún èmi náà? Ọmọbìnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún 10, ọkùnrin jẹ́ 13. Ti obìnrin nìkan ni wọ́n ní ká mú wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Kí ló dé?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún 19 ni mo ti lò nídìí àyẹ̀wò yìí, ìbéèrè yín àkọ́kọ́ yẹn ni mo sì máa ń gbọ́ jù.

Kò sẹ́ni tó lè fi èsì yẹn mọ ìgbà tó kó o tàbí ẹni tó kó o ràn án. Kòkòrò náà lè dákẹ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lè ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó pàdé. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé e wọlé. Ìfarakanra nígbà ìbálòpọ̀ ló fi ń ràn, ìdí nìyẹn tí kọ́ńdọ̀mù fi ń dín in kù láìdí i pátápátá. Nínú ọkùnrin mẹ́ta tó ti lé lọ́dún 15, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan tó ní oríṣi kan nínú rẹ̀ lójú ara, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀.

HPV fúnra rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Oríṣi rẹ̀ lé ní 200, ara sì ń lé ọ̀pọ̀ jù lọ dànù láàárín ọdún méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ló ń ba ẹnu ilé-ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Ó ń yá jù bẹ́ẹ̀ lára obìnrin tó ní HIV tí kò gba ìtọ́jú. Àkókò gígùn yẹn ni àánú tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú 16. Òun àti 18 ló wà nídìí nǹkan bíi 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Bí ibì kan bá ti ń yí padà, wọ́n á gé e tàbí kí wọ́n jó o kúrò. Ẹ bá a lọ. Mo ti rí obìnrin tó gba irú èsì yìí tí kò padà wá mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i nílé. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn máa fi padà, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá ló gbé e wá. Lọ́dún 2022 nìkan, nǹkan bíi 350,000 obìnrin ni jẹjẹrẹ yìí pa lágbàáyé.

Olóhùn Híhá:
Ẹni ọdún 52 ni mí, ọkùnrin. Mo ń fá irùngbọ̀n lọ́jọ́ kan ni ọwọ́ mi kan kókó lọ́rùn. Kò dùn mí, mo pa á tì fún oṣù mẹ́ta. Ìdí ahọ́n ni jẹjẹrẹ náà wà. HPV 16 ló fà á, èyí gan-an tó wà lára ìyàwó yín. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ìtànṣán jó o. Títí di òní, ẹnu mi gbẹ. Bí mi ò bá mu omi tẹ̀ lé òkèlè, kò ní lọ.

Ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo ka HPV sí tẹ́lẹ̀. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2019, jẹjẹrẹ tí HPV fà mú nǹkan bíi 620,000 obìnrin àti 70,000 ọkùnrin. Tiwọn ló pọ̀ jù, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀fun, ihò ìdí, nǹkan ọmọkùnrin, kò sí àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè wá sí. Ìyàwó yín rí tirẹ̀ ṣáájú. Èmi ò rí irú ìwé yẹn gbà.

Bàbá Ọmọ Méjì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín. Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ ọmọkùnrin wa ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ó lè gbà á. Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin lọ́dún 2007, wọ́n fi ọmọkùnrin kún un lọ́dún 2013. Ọ̀pọ̀ ìjọba ń fi ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ṣáájú torí ọ̀dọ̀ wọn ni ikú pọ̀ sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí tí wọ́n bá ń pè é ní abẹ́rẹ́ obìnrin. Kí ọmọ tó mọ ìbálòpọ̀ ló wúlò jù. Kò lè lé èyí tó ti wọlé. Láti 2022 ni WHO ti sọ pé ẹyọ kan lè tó fún irú àwọn ọmọ yìí. Bí wọn ò bá fún ọkùnrin lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè rà á. Ọmọkùnrin mi méjèèjì gbà á.

Ní ti ẹ̀yin, kò sí àyẹ̀wò HPV tí wọ́n ń ṣe fún ọkùnrin bíi ti obìnrin. Bí kókó tàbí egbò bá yọ tí kò lọ, ẹ tètè fi han dókítà.

Bàbá Ọmọ Méjì:
Mo kan ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ lálẹ́ àná. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ó lè jẹ́ lára mi ló ti kó o. Ó pẹ́ kó tó fèsì, ó wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni wọ́n pè é fún ẹ̀rọ yẹn. Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́.