Ẹ sọ tiyín: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe IT láàárín ẹran ọ̀sìn

Ọmọ Ìbàdàn ní Brooklyn:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹlòmíì náà wá sọ tiẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo ń kà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí IT, iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níta ilé ìwé, kàn mí, mo rí àyè níbì kan ní apá òkè ìpínlẹ̀ New York tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn tí orí kó yọ lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Wọn kì í pa wọ́n, wọn kì í tà wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n bímọ kún un. Wọ́n kàn ń bọ́ wọn ni, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Owó oṣù ò sí, ibùsùn ni wọ́n fún wa. Torí pé ìwé F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ni mo fi wọ̀lú, mo tún ní láti gba àṣẹ CPT, àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ ẹni, nílé ìwé kí n tó lọ. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà nìyẹn o!

Mo pe màámi, wọ́n ní: "O fẹ́ lọ kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ l'Ámẹ́ríkà? Ṣé ewúrẹ́ tó wà nílé yìí ò ní ìgbẹ́ ni?"

Wọn ò kúkú parọ́. Aago méje àárọ̀, bàtà rọ́bà ti wà lẹ́sẹ̀, ṣọ́bìrì lọ́wọ́, bárò níwájú. À ń kó koríko tí ìtọ̀ ti rin, à ń tẹ́ tuntun. Kí o tó kúrò ní abà kan bọ́ sí èkejì, o gbọ́dọ̀ ki bàtà bọ omi apakòkòrò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń di ìbàdí mú kí n tó lè jókòó.

Oúnjẹ ló wá di ìjà. Ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, ìkankan ò gbọdọ̀ wọ ilé tí wọ́n fi wá sí. Bẹ́ẹ̀ mo ti di edé àti pánlá mọ́ ẹrù láti Brooklyn! Bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ẹnì kan ni wọ́n sùn sí, n ò ní sọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń rùn. Nígbà tó yá mo se ẹ̀gúsí, mo fi olú dípò ẹran, mo da irú sí i dáadáa. Irú ò kúkú lẹ́sẹ̀, kò sì níyàá. Àwọn òyìnbó lá ìkòkò mọ́.

Àgbò kan wà níbẹ̀, ìwo rẹ̀ ká bí ìgbín. Lọ́jọ́ kan, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ohio wọlé lọ da oúnjẹ sí ọpọ́n. Àgbò wò wá, ó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ọmọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù wa ló ń bà á. Èmi tí mo ti ń so àgbò ìléyá mọ́lẹ̀ láti kékeré, mo ti wà lórí ọgbà. Mo pariwo, àmọ́ Yorùbá ló já bọ́ lẹ́nu mi: "Yàgò!" Kò yà. Itan ló ti bà á, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọpọ́n bí ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ ìdána. Ó tiro fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà pé àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà abà.

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé a kì í da oúnjẹ ewúrẹ́ fún àgùntàn. Èròjà kọ́pà tí ewúrẹ́ nílò nínú oúnjẹ lè pa àgùntàn. Nílé, èèpo iṣu kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ.

Ti bróílà ló ṣì wà lọ́kàn mi. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 7 ni wọ́n ń pa wọ́n lóko ńlá. Ìran tó ń sanra kíákíá ni wọ́n ti sọ wọ́n dà, tí wọ́n bá kọjá ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ kì í sábà lè gbé wọn mọ́, nítorí náà a máa ń wọn oúnjẹ wọn. Ọ̀kan wà tó ti pé ọdún méjì. Èmi ni mo ń gbé e lọ sórí koríko láràárọ̀. Mo ń fọ ìdí rẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, mo ń fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun gbẹ ẹ́. Tí atẹ́gùn yẹn bá ti fẹ́ sí i lábẹ́ ìyẹ́, á di ojú, á na ọrùn lé itan mi, ó ti sùn nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti héyín ni mo ti ń jẹ adìẹ. N ò rí arúgbó bróílà rí.

Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko adìẹ ẹlẹ́yin ni mo ti ṣe tèmi. Tí adìẹ bá ti lé lọ́dún kan ààbọ̀, tí ẹyin ń dín kù, a ó kó wọn sínú àgò, old layers, ó di ọjà Kérésì. Ọ̀gá wa á ní adìẹ tí kò yé, owó ló ń jẹ. Ẹ má bínú, ta ló ń bọ́ àwọn tiyín? Ẹyin wọn ńkọ́?

Ọmọ Ìbàdàn ní Brooklyn:

Àwọn èèyàn ló ń dáwó. Ẹlòmíì á mú ẹran kan bí ọmọ, á máa fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Farm Sanctuary tó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1986, sọ́séèjì tí kò lẹ́ran nínú ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà níbi eré àwọn olórin Grateful Dead láti fi rówó. Àgùntàn kan tí wọ́n sọ nù sórí òkìtì òkú ẹran ní Pennsylvania ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ó gbórí sókè. Hilda ni wọ́n sọ ọ́, ó sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní ti ẹyin, a máa ń sè é, a ó fọ́ ọ tèèpo-tèèpo padà fún wọn. Adìẹ inú igbó Éṣíà tó bí gbogbo wọn kì í yé ju ẹyin mélòó kan lọ lọ́dún, àwọn tiwa ń yé bí 300. Èròjà inú eegun ara wọn ni èèpo yẹn ń fà, ìdí tí a fi ń dá a padà fún wọn nìyẹn.

Ìyá Norfolk:

Sátidé kan péré ni tèmi, pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wa. Mo rí tòlótòló, mo súfèé sí i bí a ṣe máa ń ṣe nílé. Ó dáhùn. Gbogbo tòlótòló abà bá gbè é, wọn ò dákẹ́ títí a fi jẹun ọ̀sán. Alábòójútó béèrè ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàtà mi ni mo ń wò.

Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́:

Hàhà! Ẹ̀gbọ́n ará Ìbàdàn, òótọ́ inú o, ṣé ẹ ṣì ń jẹ adìẹ?

Ọmọ Ìbàdàn ní Brooklyn:

Ọjọ́ tí mo padà dé, àǹtí mi gbé ìrẹsì síwájú mi, itan bróílà ńlá kan jókòó sórí rẹ̀. Mo jẹ ìrẹsì. Mo ní mo ti jẹ nǹkan lójú ọ̀nà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n mú itan náà padà sínú ìkòkò, wọ́n dé e, wọ́n ní ó ń bẹ níbẹ̀ tí ojú mi bá wálẹ̀.