Dẹ́sítọ́ọ̀pù ilé wa ti gbó, kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ nínú ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kan wà nílé wa, Dell OptiPlex 7010, èyí tó ga tó dúró lóòró yẹn, tòkunbọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ rà á nígbà náà. Ohun tí mo rí tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ ni Core i5-3470, RAM 4GB, hard disk 500GB, Windows 10 ló sì wà lórí ẹ̀. Òun ni mo fi ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn, ìwé ìpè ìgbéyàwó o, ètò ìsìnkú o, kò sí èyí tí n kì í tẹ̀, àwọn ọmọ náà á tún fi ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ti wá ń le jù báyìí. Tí mo bá tàn án, mo lè ro àmàlà tán kó má tíì ṣí. Tí mo bá wá wà lórí Word tí ọmọ kan ní òun fẹ́ wo nǹkan lórí Chrome, ó parí nìyẹn, mouse ò ní lè rìn mọ́, iná kékeré tó wà níwájú ẹ̀ á kàn máa ṣẹ́jú wìrìwìrì, màá dúró títí. Aago ẹ̀ náà, gbogbo ìgbà tí iná bá ti lọ ló máa ń lọ gbé ọdún tó ti kọjá tipẹ́ wá.

Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n gbé e jù nù kí n lọ ra laptop, ẹlòmíì ní kí n ra graphics card sí i, pé òun ló máa jẹ́ kó yára. Owó laptop ò sí ńlẹ̀ o, owó iléèwé la ṣẹ̀ṣẹ̀ san tán. Èwo ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Àti pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní Windows 10 ti parí?

Ẹnjiníà Ayétòrò

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má jù ú nù o, ẹ má sì ra graphics card kankan, ẹni tó ń ṣe géèmù tàbí fídíò nìyẹn wà fún, páwà páàkì inú ẹ̀ gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Irú kọ̀ǹpútà yìí wà lára èyí tí mo máa ń tú jù, ó lágbára dáadáa, ohun tó ń fà á sẹ́yìn kì í ṣe ọpọlọ ẹ̀, ìyẹn processor tàbí CPU.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi kẹ́ ẹ tó náwó. Tó bá tún ti gan bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager máa jáde, ẹ tẹ More details tó bá jẹ́ kékeré ló gbé wá. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ CPU, Memory àti Disk sí, kẹ́ ẹ sọ iye tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó dá mi lójú pé Disk ló máa wà lókè téńté. Iná tẹ́ ẹ ní ó ń ṣẹ́jú yẹn, iná hard disk ni.

Hard disk àtijọ́ yìí, àwo pẹlẹbẹ ló wà nínú ẹ̀ tó ń yí, èyí tó wọ́pọ̀ nínú dẹ́sítọ́ọ̀pù máa ń yí nígbà 7200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan á máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí ẹ̀ láti lọ mú ohun tẹ́ ẹ bá ní kó mú wá. Tí Windows bá wá ń ṣí, fáìlì kéékèèké rẹpẹtẹ ló fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì sí lójú kan, apá yẹn á kàn máa sá kiri ni. SSD, ìyẹn irú ibi ìkópamọ́ tuntun tó ń rọ́pò hard disk, ò ní ohun tó ń yí nínú, ibi tó bá fẹ́ lọ ló ń lọ tààrà. Hard disk irú tiyín lè ka bíi 100 sí 150MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD tó ń lo wáyà SATA, irú èyí tí hard disk yín ń lò, lè lé ní 500, ṣùgbọ́n níbi fáìlì kéékèèké yẹn gan-an ni ìyàtọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà SSD ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, SATA 2.5 inch, 240GB tàbí 256GB ti tó. Kí wọ́n má ta NVMe fún yín, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù yẹn, bọ́ọ̀dù yín ò ní ojú tó máa gbà á.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń to iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, òun ni wọ́n pè ní Memory nínú Task Manager yẹn. Ojú mẹ́rin ló wà nínú 7010 tó dúró yìí, ó lè gbà tó 32GB, ṣùgbọ́n 8GB máa tó yín, tówó bá wà kẹ́ ẹ ṣe é ní 16. DDR3 ti dẹ́sítọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́, PC3-12800 ni wọ́n máa ń kọ sára ẹ̀. DDR4 ò lè wọ̀ ọ́, ibi tí wọ́n gé sísàlẹ̀ ẹ̀ ò ṣe déédéé, tẹ́ ẹ bá sì fipá tì í, bọ́ọ̀dù lẹ máa bà jẹ́. Ti laptop kúrú, ìyẹn náà ò ṣe é lò. Ní ti aago, bátìrì roboto inú ẹ̀ ló ti kú, CR2032 ni wọ́n ń pè é, owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Ọmọ Ọlá-Ìyá

Ẹ̀gbọ́n ẹ kú àlàyé. Mo fara mọ́ SSD, àmọ́ èmi ò bá wá processor i7-3770 kí n tó fọwọ́ kan RAM. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni, LGA1155, 77W ni àwọn méjèèjì, tẹ́ ẹ bá ti yọ i5 yẹn kẹ́ ẹ gbé e sí i ni. Mo ń gé fídíò lórí tèmi, mo sì rí ìyàtọ̀ ẹ̀ kedere.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Àbúrò, ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́, fún fídíò o ò ṣì í. Ṣùgbọ́n ìwé ni màmá ń tẹ̀. Core mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor, ni i5 ní, mẹ́rin náà ni i7 ní, ohun tí i7 fi jù ú lọ ni pé ó lè pín iṣẹ́ sọ́nà mẹ́jọ, Word ò sì rí ohun tó fẹ́ fi mẹ́jọ ṣe. Tówó bá ṣẹ́ kù, UPS, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ, ni kí wọ́n fi rà, torí pé iná tó ń já lójijì yẹn ló ń pa hard disk ṣáájú ọjọ́ ẹ̀. Kí wọ́n sì jẹ́ kẹ́nì kan fẹ́ eruku inú ẹ̀ dànù, kó tún ọ̀dà tó wà lábẹ́ fáànù processor fi, ti tòkunbọ̀ máa ń ti gbẹ, gbogbo eruku ọyẹ́ ọdọọdún ló sì máa wà nínú fáànù yẹn.

Tíṣà Òkè-Baálẹ̀

Ẹ jẹ́ n mú ti Windows. Òótọ́ ni mà, October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10. Ó ṣì máa tàn o, Word ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n táwọn olè bá rí ihò tuntun nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín dí i. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní ESU tó fa àtúnṣe ààbò yẹn dé October 2026 fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, inú Settings níbi Windows Update ló wà. Windows 11 ò gba kọ̀ǹpútà yín, ó fẹ́ TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kan tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà, ó sì fẹ́ processor Intel láti ìran kẹjọ sókè, ìran kẹta ni tiyín, ọdún 2012 ló jáde. Àwọn kan máa ní àwọn lè fọgbọ́n gbé e wọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀, mi ò sì ní gba ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun nímọ̀ràn pé kó ṣe é.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò ni Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè kọ́kọ́ tàn án látorí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà yín, tí kò bá wù yín kẹ́ ẹ yọ ọ́. LibreOffice inú ẹ̀ máa ṣí fáìlì Word yín, àmọ́ ètò ìsìnkú tó ní fọ́tò àti bọ́dà lè yẹ̀ díẹ̀, nítorí náà PDF ni kẹ́ ẹ máa gbé lọ fáwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì ti wà nínú ẹ̀, ẹ kàn máa yàn án ni, èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an torí ó máa ń dùn mí kí n rí orúkọ olóògbé lórí ìwé ìsìnkú láìsí àmì kankan.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti wò ó, Disk 100%, Memory 91%, CPU 12%. Ẹnjiníà, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ náà ló rí! SSD ni màá kọ́kọ́ rà. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìkómọ àwọn ìbejì àti gbogbo ìwé àwọn oníbàárà mi wà lórí hard disk yẹn, ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n tún ní ayédèrú SSD pọ̀ níta.

Ẹnjiníà Ayétòrò

Ẹ má fòyà mà. Ẹ kọ́kọ́ da fọ́tò àti ìwé yẹn sórí fláàṣì tàbí hard disk ìta, lónìí náà, kẹ́ ẹ má dúró de ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ra SSD. Ẹ wá gbé CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ara hard disk àti SSD wò, sórí kọ̀ǹpútà yẹn, ọ̀fẹ́ ni, tó bá kọ Good sí hard disk, ẹ lè fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀ fún ìkópamọ́, àyè wà fún àwọn méjèèjì. Tó bá kọ Caution, ẹ má fi ohun tó ṣe pàtàkì sórí ẹ̀ mọ́. Windows tàbí Mint tuntun ni kí wọ́n fi sórí SSD, kí wọ́n má da ti àtijọ́ sí i pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí ẹ̀, kí wọ́n sì yọ wáyà hard disk kúrò lára bọ́ọ̀dù ní gbogbo àsìkò tí wọ́n bá fi ń ṣe é, kẹ́nì kankan má lọ ṣèèṣì fọ́ọ́màtì fọ́tò ìkómọ.

Ní ti ayédèrú, tí wọ́n bá ní 1TB tówó ẹ̀ sì kéré ju ti 240GB lọ, ẹ sá fún un. Ẹ bá ẹni tó tà á ṣàdéhùn pé ẹ máa dán an wò kẹ́ ẹ tó kà á sí pé ọjà ti tán, ètò kan tó ń jẹ́ H2testw ló máa kọ nǹkan kún un dẹ́nu, á tún kà á padà, tí 240 bá jẹ́ 32 ní tòótọ́, ibẹ̀ ló ti máa hàn. Tó bá jẹ́ àlòkù, CrystalDiskInfo yẹn náà máa sọ iye tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀mí ẹ̀, mi ò kì í gba èyí tí kò bá tó 90%.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi RAM sí i, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè tán, ẹ di etí RAM mú, ẹ má fọwọ́ kan irin aláwọ̀ wúrà ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí ìdè ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á fi dún kà.