Ìbọn shotgun àkọ́kọ́ fún ọmọ ọdún 13: èwo ni ká rà?

IyaAdunni_Katy
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, ti wọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní 4-H ládùúgbò wa ní Texas. Wọ́n fẹ́ máa kọ́ wọn ní bí a ṣe ń yin ìbọn sí àwo amọ̀ tó ń fò lójú ọ̀run. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, kò sì wúwo ju páùn 95 lọ. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n gbé sílẹ̀ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù: .410 ẹlẹ́nu kan tó fúyẹ́ gan-an, 20 gauge pump action (èyí tí a ń fi ọwọ́ fà kí katiríìjì mìíràn tó wọlé), àti 12 gauge semi-auto (èyí tó ń ti katiríìjì wọlé fúnra rẹ̀) tó wúwo. Gauge ni ìwọ̀n ẹnu ìbọn: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ẹnu ṣe fẹ̀ tó, .410 ló sì kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń tà á ní .410 ni ti ọmọdé. Owó ọwọ́ wa ò ju $600 lọ. Èwo ni kò ní pa á lára, tí kò sì ní jẹ́ kó sá fún eré náà?

Arisa_Oko
Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Ẹ fi .410 yẹn sílẹ̀. Katiríìjì .410 tí wọ́n fi ń yin àwo kì í gbé ju ìlàjì áúnsì òjé lọ. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 8 (ìwọ̀n ọta), ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á jẹ́ bíi 205. Ti 20 gauge ń gbé áúnsì 7/8, ìyẹn bí ọta 360. Bí ọta bá kéré níye, àlàfo á pọ̀ láàárín wọn nígbà tí wọ́n bá tàn ká. Ọmọ á tọ́ka síbi tó yẹ, àwo á sì gba àárín àlàfo kọjá láìfọ́. Àwọn tó ti mọṣẹ́ dunjú ni .410 yẹ. Ọmọ tó bá yin 25 tó fọ́ 3, tipátipá lẹ máa fi mú un padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ló tún kàn. Gbogbo ìbọn ló ń tàpá, èyí tó bá sì fúyẹ́ ni ìtàpá rẹ̀ ń le jù. Ẹ mú katiríìjì kan náà, ẹ yìn ín nínú ìbọn páùn 5 ààbọ̀, kẹ́ ẹ tún yìn ín nínú ti páùn 8: agbára ìtàpá ti páùn 8 á fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti àkọ́kọ́. Òbí máa ń ra èyí tó fúyẹ́ torí pé apá ọmọ ká a, èjìká ọmọ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Tí èjìká bá ti ń dun ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í dijú kó tó fa tírígà, á máa já a gbà dípò kó rọra tẹ̀ ẹ́. Àṣà yẹn ṣòro láti mú kúrò lára ọmọ.

Ìbọn ẹlẹ́nu kan olówó pọ́ọ́kú tún ní àléébù mìíràn. Òòlù ọ̀pọ̀ nínú wọn wà níta, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń fà á sẹ́yìn. Bí ọmọ bá fẹ́ rọra dá òòlù padà nígbà tí katiríìjì ṣì wà nínú ilé rẹ̀ (ìdí ọ̀pá ìbọn, níbi tó ti ń dún), tí ọwọ́ tó làágùn bá yọ̀, ìbọn lè dún.

20 gauge semi-auto tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ ni màá mú, kó wúwo tó bíi páùn 6 ààbọ̀ sí 7. Gáàsì yẹn ń jẹ́ kí ìtàpá rọra wá díẹ̀díẹ̀, kò ní gbá èjìká lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá àlòkù Remington 1100 oní-20 gauge. Láti ọdún 1963 ni 1100 ti wà lọ́jà, ẹ̀yà ara rẹ̀ ò sì ṣòroó rí. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tú u síwájú yín, kẹ́ ẹ wo òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nídìí ibi tí gáàsì ń gbà. Tó bá ti sán, ìbọn ò ní lágbára láti ti katiríìjì tó ti dún jáde. Owó kékeré ni wọ́n ń ta òrùka yẹn, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé ìbọn ti bà jẹ́. Ẹ wo igi ìdí ìbọn náà níbi tó ti pàdé irin, bóyá ó ti là.

Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá ìbọn. Tó bá jẹ́ ínṣì 2¾, ẹ má fi katiríìjì ínṣì 3 sí i láé. Èyí tí ò tíì dún máa ń wọlé dáadáa, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹnu rẹ̀ ò ní ráyè ṣí tán nígbà tó bá dún, agbára inú ìbọn á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

OjuLaFiNwo
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ lórí .410. Àmọ́ kí ìyá tó yan ìbọn rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ojú tó lágbára lára ọmọ náà. Kó na apá méjèèjì síwájú, kó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré kan, kó la ojú méjèèjì, kó sì wo nǹkan kan láti inú ihò náà lókèèrè. Kó wá di ojú òsì. Tó bá ṣì ń rí nǹkan náà, ojú ọ̀tún ló lágbára. Tó bá pòórá, ojú òsì ni. Bó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún tí ojú òsì rẹ̀ lágbára, ẹ jẹ́ kó kọ́ bí a ṣe ń gbé ìbọn sí èjìká òsì láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì mọ ọ̀nà kankan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ àwo láá máa yìn sí, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ìdí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo gígùn láti tírígà dé ìdí ìbọn. Ti àgbàlagbà máa ń tó ínṣì 14 sí 14 ààbọ̀, ti ọmọ tó ga tó yìí á wà láàárín 12 àti 13. Kó gbé ìbọn òfìfo sí èjìká, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jókòó lórí igi: ìka méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín imú rẹ̀ àti àtàǹpàkò tó fi di ìbọn mú. Tó bá kúrú jù, àtàǹpàkò á gbá a nímú. Tó bá gùn jù, ìdí ìbọn á bọ́ sí apá dípò èjìká. Kó gbé e bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Tó bá ń tẹ̀ sẹ́yìn kí ẹnu ìbọn má bàa já wálẹ̀, ìbọn náà ti wúwo tàbí gùn jù fún un. Ìdí tí 12 gauge yẹn ò fi tíì yẹ nìyẹn, kódà pẹ̀lú katiríìjì tó rọ̀. Kó tó bí ọdún méjì sí mẹ́ta sí i.

PumpNiTemi
Mi ò bá ẹ̀gbọ́n Arisa jiyàn lórí gauge. Àmọ́ semi-auto máa ń ti katiríìjì mìíràn sínú ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí inú rẹ̀ dùn pé òun fọ́ àwo lè yíjú padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ẹnu ìbọn sì bá a yí padà. Nínú pump, ọmọ ní láti fà á kí òmíràn tó wọlé. Mossberg 500 Bantam oní-20 gauge ni màá wò. Bọ́tìnnì séfútì rẹ̀ wà lókè níbi tí àtàǹpàkò ti lè dé e, ọlọ́wọ́ òsì àti ọ̀tún ló bá mu. Ẹ̀dà Super Bantam ní àwọn ìpele tí wọ́n ń fi sídìí ìbọn kó lè gùn láti ínṣì 12 sí 13 bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ó fúyẹ́, lóòótọ́, torí náà ẹ fi katiríìjì oní-áúnsì 3/4 bẹ̀rẹ̀.

Arisa_Oko
Ẹ̀rù tó ń bà yín bá mi náà, àmọ́ ìwòsàn rẹ̀ wà: katiríìjì ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, fún gbogbo ọdún àkọ́kọ́. Semi-auto tó bá gba ẹyọ kan ti ṣófo nígbà tó bá dún, yóò sì ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i. Pump náà ní tirẹ̀: ọmọ tí apá rẹ̀ kúrú kì í fà á dé òpin. Páálí tó ti dún á há, ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà pẹ̀lú ìbọn, kò ní rántí ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí mọ́.

IyaAdunni_Katy
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì péré: bàbá rẹ̀ wà lórí físà H-1B (físà iṣẹ́ onígbà díẹ̀), èmi ní green card. Ṣé ó lè máa mú ọmọ àti ìbọn náà lọ sí pápá? Ibo sì ni ká tọ́jú ìbọn náà sí nílé?

OfinAtiIle
Ẹ káre tí ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó rà á. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tó wà lórí físà bíi H-1B tàbí F-1 (ti akẹ́kọ̀ọ́) ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fún un, tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì tíì kọjá. Green card kò sí lábẹ́ ìdènà yẹn. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ rà á, kí orúkọ yín wà lórí fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìjọba àpapọ̀ tí ẹni tó ń ra ìbọn ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù. Òǹtajà tó ní ìwé àṣẹ ò gbọ́dọ̀ ta shotgun fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Kí bàbá gba ìwé ọdẹ, kó sì bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, kó tó fọwọ́ kan ìbọn náà tàbí kó mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí àpótí rẹ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ló wà nínú ewu.

Ní Texas, àgbàlagbà tó bá fi ìbọn tó lè dún sílẹ̀ níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè dé e, tí ọwọ́ ọmọ náà sì tẹ̀ ẹ́, lè jẹ́jọ́. Àpótí irin onítìpa ni kẹ́ ẹ rà pa pọ̀ mọ́ ìbọn náà, nínú $600 yẹn. Ìbọn òfìfo nínú kan, ọta nínú òmíràn, kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ náà ò gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà, bó ti wù kó gbọ́n tó. Project ChildSafe ń pín okùn irin onítìpa lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ọlọ́pàá. Mo fẹ́ sọ èyí gbangba nítorí a kì í sọ ọ́ láàárín ara wa: bí ọmọ bá rẹ̀wẹ̀sì, tó ń yara rẹ̀ sọ́tọ̀, tí kì í sùn mọ́, ẹ gbé ìbọn náà kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí dókítà.

Ẹ má lo báàgì tí ẹ fi ń gbé ọta lọ sí pápá fún ìrìn àjò sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹyọ katiríìjì kan tó há sínú àpò rẹ̀ lè dá yín dúró ní pápákọ̀ òfuurufú.

Arisa_Oko
Ohun kan kù. Ẹ má jẹ́ kí katiríìjì 20 gauge àti 12 gauge wà nínú àpò kan náà láé. Katiríìjì 20 máa ń yọ́ wọ inú ọ̀pá ìbọn 12, á há sí iwájú. Ẹni tó yìn ín á rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, á fi 12 sí i, ọ̀pá ìbọn á bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń kun ti 20 ní àwọ̀ yẹ́lò nìyẹn.

Ẹ kọ́ ọmọ náà ní ìró méjì. Tó bá fa tírígà tí kò dún, kó kọ ẹnu ìbọn síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó ṣí i. Tó bá sì dún wẹ́lẹ́, bí ẹni fẹ́ atẹ́gùn, kó dúró, kó tú ọta kúrò, kí àgbàlagbà wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn bóyá ìdè inú katiríìjì (ohun tó wà láàárín ẹ̀tù àti ọta) ti há síbẹ̀. Kó lo awò ojú àti ohun tí wọ́n fi ń dí etí, ìyẹn náà ò yọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Katiríìjì 25 ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́, tó bá tiẹ̀ ń bẹ̀ yín fún sí i.